Tundra, F-150, Silverado àbí Ram: bí ẹ ṣe máa fi píkọ́ọ̀pù ńlá wéra kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín l'Ékìtì

Ẹni tó bá ń wá píkọ́ọ̀pù ńlá l'Ádó-Èkìtì kì í pẹ́ gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu gbogbo èèyàn: "Èwo ló lágbára jù nínú wọn?" Ìbéèrè náà dáa, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Gbogbo wọn lágbára. Tundra ti Toyota, oní-5.7 (ẹ́ńjìnnì lítà 5.7), ní agbára ẹṣin 381. F-150 ti Ford, oní-3.5 EcoBoost (ẹ́ńjìnnì Ford onítọ́ọ̀bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì) ti 2011 sí 2014, ní 365. Ram oní-5.7 Hemi tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ní 390, Silverado ti Chevrolet, oní-5.3 ti 2014, sì ní 355. Kò sí òkè kankan láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ọmùò tí èyíkéyìí nínú wọn kò ní gùn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni iye ẹrù tí wọ́n gbà, ohun tó máa ń ba ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, àti ẹni tó máa tún un ṣe nígbà tó bá dákú sójú ọ̀nà Ìjerò lálẹ́.

Sítíkà ara òpó ilẹ̀kùn

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn náà ń pa dé mọ́. Ẹ máa rí sítíkà funfun kan tó ní ìlà yẹ́lò, tó ń sọ̀rọ̀ nípa táyà àti ẹrù. Ó kọ ìwọ̀n tí gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ àti gbogbo ẹrù ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kọjá, ní kílò àti ní pọ́ùn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yẹ̀ wò. Bí sítíkà náà kò bá sí mọ́, ẹ wo òpó yẹn dáadáa, torí panẹ́lì bítà kì í sábà kun òpó ilẹ̀kùn àfi bí ọkọ̀ bá ti forí gbá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ká ní sítíkà Tundra onílẹ̀kùn mẹ́rin kan kọ 640 kílò. Bí èèyàn márùn-ún bá wọlé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn 75 kílò, 375 ti lọ nìyẹn. Ó ku 265. Àpò sìmẹ́ńtì 50 kílò, márùn-ún péré ni. Kòkó gbígbẹ tí àpò 16 máa ń pé tọ́ọ̀nù kan, àpò mẹ́rin. Iṣu tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò mẹ́ta, kò pé àádọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kó iṣu láti oko Ìkọ̀lé wá sí ọjà Ọba l'Ádó lè wá rí i pé Hilux iṣẹ́ tí aládùúgbò rẹ̀ ń wà, tó kéré sí tirẹ̀ lójú, ń gbà tó nǹkan tí kò jìnnà sí tọ́ọ̀nù kan.

Ìdí ni pé wọ́n fi ìtura dí àyè ẹrù. Àga aláwọ, òrùlé onígíláàsì, ríìmù 20, yàrá ẹ̀yìn tó fẹ̀ bí pálọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ní ìwọ̀n, ilé iṣẹ́ sì ti yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ lè kó. Èyí ló fà á tí Tundra méjì ọdún kan náà fi lè ní nọ́ḿbà tó yàtọ̀ lára òpó. F-150 ní àǹfààní kan níbí: láti 2015 ni Ford ti ń fi alumíníọ̀mù ṣe bọ́dì rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹrù tó gbà sì máa ń ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo panẹ́lì bítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń jó alumíníọ̀mù. Bí bọ́dì rẹ̀ bá fọ́, ẹ lè gbé e dé Èkó.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ yóò sọ fún yín pé Tundra ń fa tọ́ọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn ni ohun tó lè fà lẹ́yìn, lórí tírélà tó ní táyà àti búrékì tirẹ̀. Ohun tí ẹ máa kó sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ ni sítíkà ń sọ. Àṣìṣe yìí ti tẹ́ sìpíríǹgì ọ̀pọ̀ èèyàn.

Bí ẹrù bá pọ̀ jù, sìpíríǹgì aláwẹ́ (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀) á tẹ́, ìdí ọkọ̀ á máa gbá rọ́bà àáké ẹ̀yìn nínú gbogbo kòtò, táyà á gbóná, bíárìnì á sì tètè jẹ. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi awẹ́ kan tàbí méjì kún sìpíríǹgì. Ọkọ̀ á gbé ìdí sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n búrékì kò tóbi sí i, àáké kò sì nípọn sí i. Bí ẹ bá rí awẹ́ àfikún lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ mọ̀ pé ẹni tó lò ó kó ẹrù tó pọ̀ jù. Kí ẹ wo àáké rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí a bá yọ Tundra tuntun láti 2022 sẹ́yìn, Ram nìkan ni kò ní sìpíríǹgì aláwẹ́ lẹ́yìn nínú àwọn mẹ́rin yìí. Láti 2009 ni wọ́n ti fi onílílọ́, bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, sí ẹ̀yìn Ram 1500. Ó máa ń rọra gbé èèyàn lórí ọ̀nà tó ti fọ́, ẹni tó ń gbé ẹbí lọ Ìkọ́gòsì á sì gbádùn rẹ̀. Fún àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò pákó, a kò ní sọ pé kó rà á.

Gígùn ẹ̀yìn àti fífẹ̀ géètì yín

Ẹ má gbàgbé tépù. Ẹ̀yìn Tundra CrewMax (èyí tí yàrá èèyàn rẹ̀ fẹ̀ jù) gùn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ 5 àbọ̀. Ti Double Cab, tí yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ kéré sí i, tó ẹsẹ̀ 6 àbọ̀. F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin ní oríṣi méjèèjì, ẹ sì lè yan èyí tí ẹ fẹ́. Pákó wa jẹ́ ẹsẹ̀ 12. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ 5 àbọ̀, tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ 4 àbọ̀ á ṣì máa jáde. Ìyẹn nílò aṣọ pupa lẹ́nu pákó, yóò sì máa fo sókè nínú gbogbo gálọ́ọ̀pù. Ẹni tó ń kó pákó lójoojúmọ́, àyè ẹ̀yìn ni kó wá, kó fi yàrá èèyàn du ara rẹ̀.

Tundra fẹ̀ tó mítà 2.03 láìka gíláàsì ẹ̀gbẹ́, CrewMax sì gùn tó mítà 5.8. Ẹ wọn géètì ilé yín kí ẹ tó lọ. Ilé àtijọ́ ní Òkèṣà tàbí ní Ìjìgbò tí géètì rẹ̀ kò ju mítà 2.4 lọ, yóò gbà á wọlé, àmọ́ ẹ máa pa gíláàsì mọ́ra lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tí kò rí ibi sùn, ojú títì ló máa sùn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àrùn tirẹ̀

Tundra la máa fi ṣíwájú, torí òun ló pọ̀ jù lójú pópó wa. Ẹ́ńjìnnì 5.7 rẹ̀ ni wọ́n fi sínú Sequoia àti Lexus LX570. Ẹ́ńjìnnì 4.7 tó wà nínú Tundra títí di 2009 kan náà ló wà nínú Land Cruiser 100, LX470 àti GX470. Ìdí nìyẹn tí páàtì rẹ̀ kì í fi í wọ́n ní Ládìpọ̀ tàbí ní Gate n'Íbàdàn. Àwọn mẹkáníìkì tó ti tú GX470 rí kò ní dààmú nídìí 4.7. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n lórí 4.7 yìí: bẹ́líìtì táímíìnì, ìyẹn rọ́bà tó ń mú kí fáfù àti písítọ̀nù ṣiṣẹ́ lákòókò kan náà. Máìlì 90,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 145,000, ni ó ń lò. Bí kò bá sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ ka owó bẹ́líìtì, owó pọ́ọ̀ǹpù omi àti owó iṣẹ́ mọ́ iye tí ẹ fẹ́ san. Bí bẹ́líìtì náà bá já lójú ọ̀nà, fáfù ló máa gbá písítọ̀nù. Ẹ́ńjìnnì 5.7 kò ní bẹ́líìtì. Ṣéènì ló ní.

Àrùn 5.7 tó ń dá ọjà sílẹ̀ ni ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú síláńsà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan. Omi á wọ inú fáfù rẹ̀, yóò há, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, ọkọ̀ á sì pa agbára rẹ̀ mọ́ra débi pé kò ní sáré mọ́. Bí ẹ̀rọ síkáànì (tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) bá mú P2440 tàbí P2442 jáde, òun nìyẹn. Ó wọ́n láti pààrọ̀ pátá, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kò bàjẹ́. Ẹ lè fi dín iye owó kù dáadáa. Ẹ wo omi tó ti gbẹ, tó funfun tàbí pupa rúsúrúsú, lára pọ́ọ̀ǹpù omi níwájú, àti ọ́ìlì tó ń jò láti orí ẹ́ńjìnnì wá sórí síláńsà. Ẹ máa gbọ́ òórùn ọ́ìlì jíjó kí ẹ tó rí i.

Tundra tuntun ti 2022 àti 2023 kò ní V8 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) mọ́. Ẹ́ńjìnnì V6 onítọ́ọ̀bò méjì ló ní. Ní 2024 Toyota pe nǹkan bí 102,000 ọkọ̀ padà, Tundra àti Lexus LX ọdún wọ̀nyẹn, torí èérún irin tí wọ́n gbàgbé sínú ẹ́ńjìnnì láti ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá fún yín ní iye tó rọ̀ jọjọ, ẹ tẹ nọ́ḿbà ṣáásì rẹ̀ sójú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, nhtsa.gov/recalls, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni.

F-150 pín sí ìpele, ìpele kan kò sì jọ èkejì. Èyí tó rọ̀ jù lọ́jà ni ti 2004 sí 2008 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 5.4 onífáfù mẹ́ta. A bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí iye rẹ̀ fà yín. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ irin méjì tí wọ́n so pọ̀. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ tú u, ó máa ń kán, ìdajì á kù sínú ẹ́ńjìnnì. Púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló ní, ó sì lè kán ju ọ̀kan lọ. Ẹ̀rọ tó ń yí káàmù rẹ̀ (irin tó ń ṣí fáfù) náà máa ń jẹ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó wà ní jẹ́jẹ́, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń dún kọ-kọ-kọ bí ẹ́ńjìnnì dísù.

Ti 2011 sí 2014 ni ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ́ńjìnnì méjì ló yẹ ká fi wéra níbẹ̀: 5.0 V8 tí kò ní tọ́ọ̀bò, àti 3.5 EcoBoost onítọ́ọ̀bò méjì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ka lẹ́tà kẹjọ nínú nọ́ḿbà ṣáásì: F ni 5.0, T ni 3.5 EcoBoost. EcoBoost ń fà ju 5.0 lọ nísàlẹ̀, ó sì dùn wà lórí òkè. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀ á na ṣéènì táímíìnì. Ẹ máa gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan bí ẹ bá tan án ní tútù: ó á dún gọ̀rọ̀ bí ẹni da ìṣó sínú agolo, á wá dákẹ́. Epo tó ní ìdọ̀tí náà máa ń pa pọ́ọ̀ǹpù alágbára rẹ̀ tó ń gún epo tààrà sínú sílíńdà. Fún ẹni tí mẹkáníìkì rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ síkáànì gidi, 5.0 la máa ní kó mú.

Silverado àti GMC Sierra, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Láti 2007 ni 5.3 wọn ti ń pa sílíńdà mẹ́rin nígbà tí ọkọ̀ bá ń yọ̀ lọ geere, kó lè dín epo kù. Táàpẹ́ẹ̀tì (irin kékeré tó ń gba agbára káàmù dé fáfù) àwọn sílíńdà mẹ́rin yẹn ló máa ń há: 1, 4, 6 àti 7. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í míìsì, á dún tíkí-tíkí, síkáànì á sì mú nọ́ḿbà sílíńdà kan nínú mẹ́rin yìí jáde. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé púlọ́ọ̀gì nìkan ló fẹ́, tó sì jẹ́ sílíńdà 1 tàbí 7, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó kan táàpẹ́ẹ̀tì, orí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan nínú rẹ̀ tún máa ń mu ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí ẹ wò ó bóyá ó ti gbẹ débi pé ìpẹ̀kun rẹ̀ nìkan ló tutù.

Ram Hemi máa ń dún tíkí-tíkí bákan náà, ṣùgbọ́n ohùn méjì ló wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀. Bó bá ń dún ní tútù, tó sì dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, bọ́ọ̀tù tó so síláńsà mọ́ orí ẹ́ńjìnnì ló ti kán, irin tó gbóná ló fẹ̀ tó dí ihò náà. Wọ́n lè tún ìyẹn ṣe. Bó bá gbóná tán tí kò dákẹ́, táàpẹ́ẹ̀tì àti káàmù ló kù yẹn; ẹ máa lọ. Púlọ́ọ̀gì 16 ló tún ń lò, méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan.

Nissan Titan ti 2004 sí 2015 ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì 5.6 rẹ̀ wà nínú Armada àti Infiniti QX56, páàtì rẹ̀ kò sì ṣòro rí. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn bóyá ọ́ìlì ń jò sára búrékì, kí ẹ sì gbọ́ bóyá mánífóòdù rẹ̀ (irin tó ń kó èéfín láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sínú síláńsà) ti là.

Lábẹ́ ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ara ọkọ̀ fún wákàtí kan, wọn kò sì wo abẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Michigan, Ohio àti New York, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín. Iyọ̀ yẹn á wọ inú ṣáásì, á jẹ ẹ́ láti inú wá síta. Toyota fúnra rẹ̀ gbà ní 2016 láti yẹ ṣáásì Tundra 2007 àti 2008 wò, kó sì pààrọ̀ èyí tó bá jẹrà, nínú ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ pè ní Amẹ́ríkà.

Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ mú sukurudíráífà tó lágbára, kí ẹ máa fi ìdí rẹ̀ lu ṣáásì láti ẹ̀yìn táyà iwájú títí dé ibi tí wọ́n so táyà ìsẹ̀yìn (sípíà) rọ̀ sí. Irin tó dá ṣáṣá á dún kán-ín, kán-ín. Ibi tó ti jẹrà á dún pọ̀ọ̀, èérún pupa á máa já sílẹ̀ sójú yín. Ẹ dúró pẹ́ lókè àáké ẹ̀yìn, níbi tí ṣáásì ti tẹ sókè, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ àti ẹrẹ̀ ti máa ń kó jọ. Bí gbogbo abẹ́ ọkọ̀ bá dúdú kirikiri, tó ń dán, tí ọ̀dà ti bo bọ́ọ̀tù àti okùn búrékì pọ̀, ẹnì kan ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹnu sukurudíráífà gún un. Ìpẹtà tó wà lójú irin lásán kò burú. Èyí tó ń bó ní awẹ́-awẹ́ ni kí ẹ sá fún.

Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ ọkọ̀ yìnyín, Texas ló máa ní òun fẹ́. Ó dáa, àmọ́ omi ìjì Harvey bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní 2017. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tó fi tán: bí ẹrẹ̀ bá ti fa ìlà sí i lára, omi ti wọ ọkọ̀ náà. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ wo bọ́ọ̀tù àga. Ẹ ní kí rewáyà ṣí ìsopọ̀ wáyà kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá ti di àwọ̀ ewé, ọkọ̀ yẹn á máa dààmú yín títí láé.

Nọ́ḿbà ṣáásì jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17 lápapọ̀, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ àti lára òpó ilẹ̀kùn. Kí méjèèjì bára mu. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ni ọdún: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017. Wọn kì í lo I, torí náà J ni 2018. Bí ẹni tó ń tà á bá pè é ní 2014, tí ipò kẹwàá sì jẹ́ B, ọdún mẹ́ta ló fi kún un.

Títan ní tútù, lẹ́yìn náà òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹ pe ẹni tó ń tà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ọkọ̀ náà kí n tó dé." Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ẹ sọ fún un pé ẹ máa padà wá lọ́la. Gbogbo ohùn tí a ti dárúkọ lókè, ní tútù ni wọ́n ti ń sọ òótọ́.

Ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ síkáànì lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń pa àṣìṣe rẹ́ kí ẹ tó dé, iná ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ṣùgbọ́n síkáànì ní ojú ewé kan tó ń fi hàn bóyá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Bí púpọ̀ nínú rẹ̀ bá kọ pé kò tíì ṣe tán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á rẹ́ ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì. Ẹ wa ọkọ̀ náà díẹ̀, kí ẹ tún un yẹ̀ wò.

Bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ méjì wéra, ẹ wà wọ́n lọ́jọ́ kan náà, lọ́nà kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà, 300 kílò, ti tó. Láti Adó gba Ìyìn àti Aramọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ọ̀nà tó dára jù fún un l'Ékìtì, torí ó ní ibi títẹ́jú, kòtò àti òkè gidi. Níbi tí ẹ bá ti ń gùn, ẹ tẹ ẹ́ jẹ́jẹ́ ní ìwọ̀n kan. Gíà kò gbọdọ̀ máa pààrọ̀ sókè-sódò bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ, ìró ẹ́ńjìnnì kò sì gbọdọ̀ ga láìjẹ́ pé ọkọ̀ sáré sí i. Ẹ wo ọwọ́ ìgbóná: bó bá kúrò ní àárín, ẹ dúró. Níbi ìsọ̀kalẹ̀, ẹ tẹ búrékì gidi lẹ́ẹ̀mẹta. Bí sítíárì bá ń gbọ̀n, dísìkì ti tẹ̀. Ìyẹn kò wọ́n. Bí ẹsẹ̀ búrékì bá ń rì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ rí i dájú pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá láti Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí kò sì rẹ́rù fúyẹ́ débi pé ẹrẹ̀ oko Ìgbẹmọ lóṣù kẹsàn-án á dá a dúró bí èèkàn. Ẹ wá bọ́tìnnì tó kọ 4H (táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà) àti 4L (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ní jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára púpọ̀). Orí ilẹ̀ pupa ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe orí ọ̀dà gbígbẹ, torí gíà àárín á máa fà mọ́ra wọn. Fún 4L, ẹ dúró pátápátá, ẹ fi gíà sí N kí ẹ tó yí i. Lára F-150, bí táyà iwájú bá ń dún gẹ̀ẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ epo lórí 2H (táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà), afẹ́fẹ́ ló ń jò nínú rọ́bà tó ń ya táyà iwájú sọ́tọ̀. Kékeré ni bí wọ́n bá tètè tún un ṣe. Bí wọ́n bá pẹ́, eyín inú rẹ̀ á jẹ tán.

Epo, táyà, pépà

Ìwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fún Tundra 5.7 onítáyà-mẹ́rin-ń-fà jẹ́ nǹkan bíi lítà 15.7 fún kìlómítà 100. F-150 EcoBoost ti 2011 sí 2014 tó fara jọ ọ́ ń jẹ 13.8. Ẹni tó ń rin kìlómítà 1,500 lóṣù, lítà 28 àti díẹ̀ ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Lójú tiwa, ìyẹn kò tó ohun tí èèyàn fi ń yan ọ̀kan láàárín wọn. Àtúnṣe táàpẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo á gbé e mì. Bí epo bá ń bà yín lẹ́rù, Hilux oní-2.7 ni ẹ lọ wò. Kí ẹ sì rántí pé máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn ọkọ̀ yìí ń kà: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.6.

Nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìlà DOT lára táyà ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019. Ríìmù Tundra láti 2007 sí 2021 jẹ́ oníhò márùn-ún, ti Hilux jẹ́ oníhò mẹ́fà. Ẹ kò lè yá táyà lọ́wọ́ ara yín lójú ọ̀nà. Rí i pé táyà ìsẹ̀yìn wà lábẹ́, kí ẹ sì yí irin tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí ìpẹtà máa ń dè é mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Kí pépà kọ́sítọ́ọ̀mù fi hàn pé etí òkun ló gbà, kí nọ́ḿbà ṣáásì orí rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu lẹ́tà dé lẹ́tà. Ẹ mú un lọ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ má ná gbogbo owó yín sórí ọkọ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá gbé e délé. Tundra 5.7 ń gba lítà 7.5 ti 0W-20 (nọ́ḿbà yìí ń sọ bí ọ́ìlì ṣe kì tó), F-150 5.0 ti 2011 sí 2014, lítà 7.3 ti 5W-20; EcoBoost 3.5, lítà 5.7 ti 5W-30. Ram Hemi, lítà 6.6 ti 5W-20. Ẹni tó bá ra lítà mẹ́rin péré fún 5.7, kò kún un, ṣéènì á sì jìyà rẹ̀.

Omi gíà ni mẹkáníìkì máa ń ṣì jù. Toyota WS ni ti Tundra, Mercon LV ni ti F-150 yẹn, wọn kò sì ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe é bá mú ọ́ìlì pupa kan jáde tó ní "gbogbo rẹ̀ kan náà ni", ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Tundra 5.7 kò tún ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo omi gíà. Láti abẹ́ ni wọ́n ti ń wò ó, nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n kan, ẹni tó ní síkáànì ló sì lè ka ìgbóná yẹn.

Ẹ kọ ọjọ́ àti máìlì sílẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yọ ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta máìlì, kí ẹ tún fà á yọ ní ẹgbẹ̀rún kan, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀.